Ọwọ́ Tó Yọ Láti Ẹ̀yìn Kọ́tìnnì

Ẹ jókòó dáadáa. Tí omi bá wà lẹ́nu yín, ẹ kọ́kọ́ gbé e mì, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń bá èèyàn lójijì, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wá sọ lọ́la pé èmi ni mo mú kí omi há òun lọ́fun.

Ọ̀gá Pátápátá ni wọ́n ń pè é. Òun ni olórí ilé ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ti ń wá oògùn sí àwọn àìsàn tó le. Ẹ má bi mí pé kí ló mọ̀ nípa oògùn. Ohun tó mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wọ yàrá. Tí Ọ̀gá Pátápátá bá fẹ́ wọlé, ikùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé, á dúró díẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí i, lẹ́yìn náà ni ìyókù ara rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Akọ̀wé rẹ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, á ti wà lẹ́nu ọ̀nà, á máa ké pé, "Ẹ dìde! Ìmọ̀ ń wọlé bọ̀!"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà yìí náà, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Á pàtẹ́wọ́ kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀, á pàtẹ́wọ́ bí ọ̀gá ṣe ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀gá bá sín, á tún pàtẹ́wọ́, á ní, "Sà! Èyí kì í ṣe sínsín lásán o, gbogbo ilé ló mì!"

Iṣẹ́ gidi tó ń lọ nínú ilé náà, obìnrin kan tí kì í pariwo ló ń ṣe é. Dókítà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ṣòroó yé. Sẹ́ẹ̀lì kan wà tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ dà. Kì í ṣe ti ọkàn, kì í ṣe ti awọ, kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Dókítà lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára èèyàn tí ara rẹ̀ le, kó dá àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ padà sí ìgbà èwe, kí wọ́n di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Á wá máa fún wọn lóúnjẹ tó yẹ nínú àpótí kan tó móoru bí ara èèyàn, títí wọ́n á fi dàgbà di sójà ara, àwọn tó ń lé àìsàn kiri inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì ń pa á. Wọ́n á dà wọ́n sára aláìsàn, ogun á sì bẹ̀rẹ̀. Irú sójà tí Dókítà ń ṣe yìí kì í bèèrè pé ta ni ẹbí ta ni. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo lè wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló fa gbogbo wàhálà. Ọjọ́ tí Dókítà sọ ọ́ ní ìpàdé, tó ní òun ń wá ẹnì kan tí ara rẹ̀ le tó máa fún òun ní ẹ̀jẹ̀, Ọ̀gá Pátápátá gbá tábìlì gbàà.

"Ẹ̀yin ará mi!" ló wí. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a ò mọ̀ rí ni ẹ fẹ́ kó máa sáré kiri inú ara ọmọ orílẹ̀-èdè yìí? Ó tì! Ká má rí i! Tèmi ni! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá rí ìwòsàn nílẹ̀ yìí, kó mọ̀ pé èmi ló wà nínú òun. Tó bá jí láàárọ̀, kó wo inú dígí, kó kí ara rẹ̀ pé, ẹ káàárọ̀ sà!"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pupa. Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti fi ọ̀gá joyè: Bàbá Ẹ̀jẹ̀ Gbogbo Wa.

Ìṣòro kékeré kan ló wà. Bàbá Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ pé kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́ o. Mo ní ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá já, inú yàrá míì ni wọ́n ti máa ń gbé aṣọ náà rán, kó má baà rí abẹ́rẹ́ kó dákú. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tí odindi ilé iṣẹ́ ń dìde fún fi wà lórí eékún ní kíṣìnì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tó di aṣọ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni. Kò ju síbí méjì lọ. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó ń gé àlùbọ́sà lọ ní tiẹ̀. "Ẹ̀yin náà á mọ̀."

"Ṣebí ọ̀kan náà ni tèmi tìrẹ!"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Abẹ́rẹ́ dé, a ti wá di ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fún yín ní mọ́tò tuntun, ta ló ṣì ń wọ bọ́ọ̀sì?"

Ni ọ̀gá bá bú sẹ́kún. Ó sunkún débi pé ìyàwó gan-an rò pé àlùbọ́sà ni. Nígbà tó yá, obìnrin náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù. Màá ṣe é, torí wọ́n ní ó máa wo èèyàn sàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o, Dádì. Ọjọ́ tí irọ́ yìí bá fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lára, mi ò ní dákẹ́."

Ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé kò gbọ́ nǹkan kan.

Báyìí ni àṣẹ ṣe jáde pé ojú lásán ò gbọdọ̀ wo ẹ̀jẹ̀ ẹni ńlá. Wọ́n ta kọ́tìnnì pupa kan láti òkè dé ilẹ̀ nínú ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n sì gé ihò sí i láàárín. Nọ́ọ̀sì dúró níwájú kọ́tìnnì pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ohùn ọ̀gá ń bú ramúramù láti ẹ̀yìn: kí wọ́n gún òun, kí wọ́n má ṣàánú òun, irin ò ràn lára òun! Ni ọwọ́ kan bá yọ láti inú ihò náà. Apá kóòtù ọ̀gá ló wọ̀. Aago góòlù ọ̀gá wà níbẹ̀, ó kàn tóbi jù, ó fẹ́ máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Háà, ọwọ́ ọ̀gá mà rọ̀ o," ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó fa imú. "Òórùn àlùbọ́sà sì wà lára rẹ̀."

"Ọwọ́ tó ń bọ́ orílẹ̀-èdè nìyẹn!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà jágbe. "Kí lẹ fẹ́ kó máa rùn? Lọ́fínńdà?"

Abẹ́rẹ́ wọlé. Ọwọ́ yẹn ò tilẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ "Yéè! Mo kú o!" láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, torí Ọ̀gá Pátápátá ti fi ojú kan yọjú wò ó.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì wá ń ṣe dáadáa, tó fi ya Dókítà alára lẹ́nu. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń pọ̀ sí i, nígbà tí àkókò sì tó kí wọ́n di sójà, wọ́n dì í wéré. Dókítà kó wọn pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ìgò láti dán wọn wò, wọ́n sì lé e bí ajá ṣe ń lé olè.

Ẹ wá wo ọ̀gá! Ó ní kí wọ́n gbé àwòrán òun kọ́ sókè àpótí náà kí àwọn sẹ́ẹ̀lì lè mọ bàbá wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣí àpótí gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn, kó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà," kó sì dúró díẹ̀ bóyá wọ́n á dáhùn. Tí wọ́n bá ń gbé àwo sẹ́ẹ̀lì kọjá, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ tẹríba. Lọ́jọ́ kan, Dókítà gbé àwo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tẹríba tó bẹ́ẹ̀ tí orí wọn fi dí ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi, òtútù ń mú wọn!"

"Kò sẹ́ni tó máa nàró," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, orí rẹ̀ ń bẹ nílẹ̀, "àfi tí àwọn alára bá yọ̀ǹda."

Aláìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi àwọn sójà yìí wò ni ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, gbogbo oògùn yòókù sì ti já a kulẹ̀. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti re dànù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì wà digbí. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ hàn án, Tíṣà wò ó, ó sún un mọ́jú, ó tún wò ó.

"Èyí? Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára èyí? Dókítà, àìsàn ló ń ṣe mí o, orí mi ò tíì dàrú."

Dókítà ò lè rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Wọ́n kì í da sẹ́ẹ̀lì sára èèyàn láìyẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó sì ti yẹ ìwọ̀nyí wò. Wọ́n le, wọ́n mọ́, wọn ò ní àbùkù kankan. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì obìnrin ni wọ́n. Ó tún un yẹ̀ wò. Obìnrin. Ó lọ mu omi, ó nu ojú, ó tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin pọ́nbélé ni.

Ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ.

"Ẹ̀rọ yín ti ya wèrè," ni Ọ̀gá Pátápátá wí.

"Ẹ̀rọ tí mo lò ju ẹyọ kan lọ, sà."

"Wọ́n jọ ya wèrè ni."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́." Dókítà sún mọ́ tábìlì. "Tí a ò bá mọ ẹni tó ni sẹ́ẹ̀lì, a ò lè dà á sára èèyàn, torí a ò mọ àìsàn tó wà lára onítọ̀hún. Tí ẹ bá mọ ẹni náà, ẹ kàn sọ fún mi. Màá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, màá fi wé e, ó parí. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n tí a ò bá rí i, dandan ni kí n da gbogbo rẹ̀ nù. Ká tó ṣe òmíràn, ọdún á fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Màmá Tíṣà ò lè dúró, sà. Wọ́n máa kú."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ dúró ná. "Ìyàwó mi ni." Ohun tó yẹ kó sọ kò ju ìyẹn lọ. Ẹ wo bó ṣe kúrú tó! Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lè sọ ọ́. Ọ̀gá Pátápátá la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fẹ àyà.

"Dókítà, ẹ ò tíì mọ̀ mí. Ẹ rò pé ọkùnrin lásán ni mí? Títóbi mi ti kọjá ìyẹn! Èmi ni bàbá, èmi náà ni ìyá!"

"Bàbá wa! Ìyá wa!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti fò sókè, omi ti lé sójú rẹ̀.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti tún ara ilẹ̀kùn ọ̀gá kùn: Bàbá àti Ìyá Ẹ̀jẹ̀ Gbogbo Wa. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pé, "Ẹ káàsán sà, ẹ káàsán mà." Ẹnì kan bèèrè bóyá ọ̀gá máa gba ìsinmi ìbímọ. Ọ̀gá ronú sí i, ó sì fọwọ́ sí i.

Dókítà nìkan ni kò kí i ní mà. "Ó dáa," ló wí. "Tó bá jẹ́ tiyín ni lóòótọ́, ẹ fún wa ní díẹ̀ sí i ká fi wé e."

Kí ọ̀gá tó rí irọ́ míì pa, Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Díẹ̀ kẹ̀? Ọ̀gá máa ṣe é níta gbangba! Lójú gbogbo ayé! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé kámẹ́rà wá!" Ó sì ti sáré jáde lọ pe àwọn oníròyìn. Ọ̀gá Pátápátá nawọ́ láti fà á padà, afẹ́fẹ́ ló bá níbẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn aláṣẹ tó yan ọ̀gá sípò jókòó níwájú. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti Tíṣà wọlé, aṣọ òtútù bò ó lẹ́sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí rẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá jókòó nítòsí rẹ̀. Kọ́tìnnì pupa yẹn, ihò yẹn, ti wà lórí pèpéle, torí ọ̀gá ní láìsí kọ́tìnnì, òun ò ní lè ṣe é.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ gbà mí! Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ayé ò tíì ní ẹ̀jẹ̀. Ó sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe dé, bó ṣe ń wá ara tó yẹ òun kiri, bó ṣe wo ọba, tó wo ìjòyè, tó ní rárá, títí tó fi rí òun. Àwọn èèyàn ti ń sùn. Nọ́ọ̀sì ti fara ti ògiri. Ọkùnrin yìí ì bá sọ̀rọ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀ kí abẹ́rẹ́ má baà kan án.

Tíṣà na ọwọ́ sókè.

"Kọ́bọ́ọ̀dù!"

"Mà!" ni Ọ̀gá Pátápátá dáhùn, ó sì ti nàró gbọn-in kó tó mọ ohun tó ṣe.

Gbogbo ojú là. Tíṣà yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ má bínú o, orúkọ tí a ń pè é ní kíláàsì mi nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n wá fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, inú kọ́bọ́ọ̀dù ìwé ló wọ̀, ó tì í mọ́ra rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, a gbé òun àti kọ́bọ́ọ̀dù lọ bá nọ́ọ̀sì." Ó dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀. "Kọ́bọ́ọ̀dù, dá mi lóhùn. Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ ló wà nínú ìgò yẹn? Mi ò ní nà ọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá màá yè."

Ọ̀gá wo Tíṣà, ó wo kámẹ́rà, ó wo àwọn aláṣẹ. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì!" ló wí, ó sì wọ ibẹ̀ lọ.

Ní ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó húkọ́. Ó tún húkọ́, èyí tó ní ìtumọ̀ láàárín tọkọtaya. Ìyàwó rẹ̀ ò mira.

"Ikọ́ ọlọ́lá!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà ké, ó pàtẹ́wọ́.

Ìka kan yọ jáde láti inú ihò. Ó ń pe èèyàn: wá, wá, wá kíá. Gbogbo èèyàn ń wo ìka. Ìyàwó ọ̀gá ò wò ó. Ọwọ́ Tíṣà tó ń gbọ̀n lórí aṣọ òtútù ló ń wò. Inú bí i gan-an, àánú sì ṣe é, ó dìde, ó gun pèpéle. Kò gba ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Iwájú rẹ̀ ló dúró, ó fa àga nọ́ọ̀sì, ó jókòó, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ gbà á níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i," ló wí. "Èmi ni mo ni ín. Èmi náà ni mo ni ti àkọ́kọ́."

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ náà mú. Ó fa imú. Ó pariwo: "Àlùbọ́sà! Dókítà, ọwọ́ yẹn rèé! Àlùbọ́sà!"

"Irọ́ ni!" Ọ̀gá Pátápátá ti ki orí bọ inú ihò kọ́tìnnì. "Irọ́ ńlá! Èmi ni bàbá, èmi ni..." Nọ́ọ̀sì yíjú padà láti wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe kòńgẹ́ imú ọ̀gá gan-an.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Igbe ta. Ọ̀gá fẹ́ yọ orí, orí há. Ló bá ya kọ́tìnnì bọ́ lókè, tòun ti ọ̀pá rẹ̀, ó fò sílẹ̀ láti orí pèpéle, ó sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó la àárín àwọn aláṣẹ kọjá, kọ́tìnnì pupa ń fò lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pá ń gbá fìlà àwọn èèyàn dànù. Wọ́n ní ó sáré kọjá ibùdókọ̀, àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì sì yà fún un.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ṣì ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ni, ó dẹ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó rọra yí ara padà sọ́dọ̀ ìyàwó ọ̀gá, ó tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Dókítà fi ẹ̀jẹ̀ wé ẹ̀jẹ̀. Ti obìnrin náà ni, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Wọ́n da àwọn sójà náà sára Tíṣà. Ibà gbé e ṣánlẹ̀, Dókítà ò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí ibà fi lọ, tí jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò jáde pé kò sí i mọ́, Dókítà tí kì í pariwo, ó pariwo débi tí wọ́n fi wá wò ó.

Àwọn aláṣẹ ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá pẹ́. Wọ́n ní kó máa lo ìsinmi ìbímọ tó fọwọ́ sí yẹn lọ, kó má sì padà wá mọ́. Wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lókè àpótí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ò bèèrè rẹ̀.

Nílé, ọ̀gá ń sọ fún gbogbo aládùúgbò pé kọ́tìnnì ni kò dára. Ẹni tó rán an ò mọ iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kó ìrọ̀rí rẹ̀ sí pálọ̀. "Ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ ọ́," ló wí, "ẹ padà wọ yàrá." Orí àga gígùn lọ̀gá ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta.

Ọjọ́ kan, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Ọ̀gá ṣí i. Tíṣà ni, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lórí rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Mo wá kí ẹni tó wà nínú mi. Ta ni?"

Ọ̀gá fa ẹ̀mí sínú, àyà rẹ̀ wú, ó na ọwọ́ kan sókè. "Ẹ̀yin ará mi..." Tíṣà kàn wò ó láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀. Ọwọ́ náà rọra bọ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú àyà rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀.

"Ìyàwó mi ni, mà."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ní kíṣìnì, ọ̀bẹ tó ń gé àlùbọ́sà dúró.

"O gbà á," ni Tíṣà wí, ó wọlé, ó jókòó.

"Dádì," ni ìyàwó rẹ̀ pè láti kíṣìnì. Ohùn ẹ̀rín ni, ohùn ẹkún sì ni pẹ̀lú. "Ẹ wá bá mi gé èyí tó kù, kí n lè kí àlejò mi."

Ó wọ kíṣìnì lọ. Ìyàwó rẹ̀ na ọ̀bẹ sí i. Ó wo ẹnu ọ̀bẹ tó mú bí abẹ́rẹ́, òógùn bò ó, ó sì gbà á.